Kùránì àti Hádíìsì Nílẹ̀ Yorùbá: Láti Ìlọrin Dé Etí Omi Ìkálẹ̀

Orísun méjì ni ìmọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti ń sun. Ọ̀kan ni Kùránì, tí àwọn Mùsùlùmí gbà pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Èkejì ni Hádíìsì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí Ànábì Muhammad sọ, ohun tí ó ṣe, àti ohun tí wọ́n ṣe lójú rẹ̀ tí kò kọ̀. Ọ̀nà tí orísun méjèèjì gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá kò dọ́gba. Orí wàláà ni Kùránì gbà wọlé, ọmọdé ló sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà. Inú ìwé òfin ẹ̀sìn, ẹnu oníwàásì àti ìwà àwọn ààfáà ni Hádíìsì fara pamọ́ sí fún ìgbà pípẹ́, kí ó tó di ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó kọ́ fúnra rẹ̀ ní kíláàsì. Bí èkejì ṣe wá jókòó ti èkíní ní ilé-kéwú ni ìtàn ìmọ̀ Ìsìláàmù láàárín Yorùbá, láti Ìlọrin àti Ìbàdàn dé Èkó, àti láti Èkó dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Bí wọ́n ṣe kó orísun méjèèjì jọ

Ọdún 23 ni Kùránì fi sọ̀ kalẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 610 títí di 632 tí Ànábì Muhammad jáde láyé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀, apá kan ní Mẹ́kà, apá kan ní Mẹ̀dínà, nígbà mìíràn bí ìbéèrè bá yọjú tàbí tí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀. Àwọn Sàhábà, ìyẹn àwọn alábàákẹ́gbẹ́ Ànábì, ń há a sórí, àwọn akọ̀wé láàárín wọn sì ń kọ ọ́ sára awọ, egungun pẹlẹbẹ àti imọ̀ ọ̀pẹ. Lẹ́yìn ikú Ànábì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó há a sórí bógun lọ ní Yamama. Ìdí nìyí tí Abu Bakr, kàlífà àkọ́kọ́, fi ní kí Zayd ibn Thabit kó gbogbo rẹ̀ jọ. Nígbà Uthman, kàlífà kẹta, wọ́n kọ ọ́ sí ìwé kan tí gbogbo ènìyàn yóò máa tẹ̀ lé, wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ìlú ńlá. Súrà 114 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ń há a sórí pín in sí ọ̀nà 30, wọ́n sì la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, tí ó fi di hísíbù 60.

Hádíìsì pẹ́ kí ó tó di ìwé. Ẹnu àwọn Sàhábà àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, bí ẹ̀sìn sì ṣe ń tàn kálẹ̀ ni ayédèrú ń wọ àárín òtítọ́. Malik ibn Anas, ọ̀mọ̀wé Mẹ̀dínà tí ó kú ní ọdún 795, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣètò rẹ̀ sínú ìwé; al-Muwatta ni orúkọ ìwé tirẹ̀. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e ni àwọn ìwé mẹ́fà tí gbogbo ayé mọ̀ jáde. Bukhari, tí ó gbé ayé láti 810 sí 870, àti Muslim, tí ó kú ní 875, ló ṣíwájú wọn. Abu Dawud, Tirmidhi, Nasa'i àti Ibn Majah ló tẹ̀ lé wọn. Hádíìsì inú ìwé Bukhari ju 7,000 lọ tí a bá ka àwọn tí ó tún wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ mọ́ ọn.

Apá méjì ni Hádíìsì kọ̀ọ̀kan ní: ọ̀rọ̀ náà gan-an, àti ẹ̀wọ̀n orúkọ àwọn tí wọ́n gbà á lẹ́nu ara wọn. A lè wo Hádíìsì tó ṣíwájú ìwé Bukhari, tí ó dá lórí pé èrò ọkàn ènìyàn ni a ó fi díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Bukhari gbọ́ ọ lẹ́nu Humaydi, Humaydi gbọ́ ọ lẹ́nu Sufyan, Sufyan lẹ́nu Yahya ibn Sa'id, Yahya lẹ́nu Muhammad ibn Ibrahim, Muhammad lẹ́nu Alqama ibn Waqqas, Alqama lẹ́nu Umar ibn al-Khattab, Umar sì gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì. Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé Hádíìsì ni láti wádìí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀wọ̀n yìí. Ṣé olóòótọ́ ni? Ṣé ọpọlọ rẹ̀ ń gba nǹkan dúró? Ṣé ó bá ẹni tí ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ gbé ayé ní ìgbà kan náà? Ibi tí ìwádìí náà bá yọrí sí ni yóò sọ bóyá Hádíìsì náà jẹ́ sàhíì, èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, tàbí hásánì, èyí tí ó dára, tàbí dàífù, èyí tí kò lágbára.

Àwọn orísun méjèèjì kò ṣeé yà sọ́tọ̀ nínú ìjọsìn. Kùránì pa á láṣẹ pé kí Mùsùlùmí máa kírun, ṣùgbọ́n Hádíìsì ló fi hàn pé rákà méjì ni ìrun àsúbáà, pé mẹ́rin ni ti aílà, àti ohun tí a ń kà nígbà tí a bá tẹ̀ tàbí tí a bá forí kanlẹ̀. Kùránì pa sàká láṣẹ. Hádíìsì ló sọ iye rẹ̀: ìdá kan nínú 40 lórí owó tí ó bá pé ìwọ̀n tí ó sì pé ọdún lọ́wọ́ ẹni, ìdá kan nínú 10 lórí irè oko tí òjò bomi rin, ìdá kan nínú 20 lórí èyí tí àgbẹ̀ fi làálàá pọnmi sí. Nínú ogún jíjẹ, Kùránì fúnra rẹ̀ ṣàlàyé ìpín ọmọ, ìyàwó, ọkọ àti òbí dáadáa. Hádíìsì ló fi kún un pé olóògbé kò gbọdọ̀ fi ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá rẹ̀ lọ ṣe ìhágún fún ẹni tí kì í ṣe ajogún. Ọ̀rọ̀ yìí kàn Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ìdí-igi (ìpín gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó) àti orí-ò-jorí (ìpín gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ) ni wọ́n fi ń pín ogún kí ẹ̀sìn náà tó dé, ó sì ti pẹ́ tí ìdílé Mùsùlùmí ti ń yàn láàárín ìpín inú Kùránì àti ìpín àwọn baba wọn.

Ìbéèrè tí ó ti Ilẹ̀ Yorùbá dé Katsina

Àwọn oníṣòwò láti ìhà Málì àti ilẹ̀ Hausa ni wọ́n mú ẹ̀sìn náà wọ Ọ̀yọ́, ìdí sì nìyí tí Yorùbá fi ń pè é ní ẹ̀sìn Ìmàle. Àmì kan wà tí ó fi hàn pé kí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tó parí, àwọn Yorùbá kan ti kọjá ẹni tí ń tẹ̀ lé ìlànà lásán, wọ́n ti ń wádìí ìdí rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ìlú Katsina kan, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Dan Masanih, tí ó kú ní 1667, kọ ìwé ní èdè Lárúbáwá láti fi dáhùn ìbéèrè àwọn amòfin ẹ̀sìn ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí wọ́n béèrè ni bí a ṣe lè mọ àkókò tí oòrùn wọ̀ gan-an. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí wíwọ̀ oòrùn ni a fi ń mọ ìgbà ìrun màgàríbì àti ìgbà ìṣínu ní oṣù Ràmàdánì. Kùránì ní kí a parí àwẹ̀ nígbà tí òru bá dé. Hádíìsì ló júwe àmì dídé òru náà. Ẹni tí ó bá béèrè irú ìbéèrè yìí ti ń lọ sí ìdí orísun méjèèjì.

Kùránì lórí wàláà

Ilé-kéwú ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Iwájú ilé ààfáà, abẹ́ igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn ọmọ ń jókòó sí lórí ẹní, tí ààfáà sì ń jókòó sórí awọ àgbò pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́. Wàláà jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ tí ó ní ọwọ́ ìdìmú. Kálámù tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu ni wọ́n fi ń kọ̀wé sí i, tàdáwà tí wọ́n fi ẹ̀dú àti oje igi pò pọ̀ sì ni yíǹkì rẹ̀. Ọmọ á kọ́kọ́ mọ lẹ́tà, á wá mọ àmì tí a fi ń pè wọ́n, á tún kọ́ bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀. Súrà Fátíhà ni yóò kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sí àwọn súrà kéékèèké tí ó wà lẹ́yìn Kùránì, tí yóò sì máa ti ẹ̀yìn bọ̀ wá sí iwájú títí yóò fi dé àwọn súrà gígùn. Bí ó bá ti mọ ohun tí ó wà lórí wàláà, á fọ̀ ọ́ kúrò, ààfáà á sì kọ òmíràn sí i. Omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lórí wàláà, tí à ń pè ní hàǹtú, kì í ṣòfò; ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń mu ún fún ìwòsàn àti ààbò.

Ọjọ́ tí ọmọ bá ka Kùránì parí ni ọjọ́ wòlímọ̀. Wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ ńlá, wọ́n á wé láwàní fún un, yóò kà níwájú àwọn ààfáà àti ẹbí, wọ́n á pa ẹran, wọ́n á sì ṣe sàráà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà mọ̀ lọ́jọ́ wòlímọ̀ ni kíkà, kì í ṣe ìtumọ̀. Díẹ̀ nínú wọn ló ń tẹ̀síwájú lọ́dọ̀ ààfáà àgbà láti kọ́ gírámà Lárúbáwá, ìtumọ̀ Kùránì àti òfin ẹ̀sìn. Ìwé tàfsírì tí wọ́n sábà máa ń lò ni èyí tí Jalal al-Din al-Mahalli bẹ̀rẹ̀ tí Jalal al-Din al-Suyuti sì parí ní Íjíbítì ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ará ìlú tí kò gbọ́ Lárúbáwá ń rí ìtumọ̀ gbọ́ ní oṣù Ràmàdánì. Ajánásì á ka áàyà, olùtúmọ̀ á sì ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, áàyà kan lẹ́yìn èkejì. Ìgbà ìtumọ̀ yìí ni Hádíìsì máa ń jáde síta jù lọ, nítorí olùtúmọ̀ ní láti sọ ìdí tí áàyà náà fi sọ̀, ẹni tí ọ̀ràn kàn, àti ohun tí Ànábì ṣe lórí rẹ̀. Àwọn olórin wákà náà a máa fi orin gbé ẹ̀kọ́ yìí kiri, tí ẹni tí kò wọ ilé-kéwú rí fi mọ̀ nípa ìtàn Ànábì àti ọjọ́ ìgbéǹde.

Ọ̀nà kíkà Kùránì tí àwọn ààfáà àtijọ́ kọ́ ni ti Warsh, èyí tí ó ti Àríwá Áfíríkà àti ilẹ̀ Hausa wá. Nígbà tí Kùránì tí wọ́n tẹ̀ ní Kàírò ní 1924, tí ó tẹ̀ lé kíkà Hafs, tàn kálẹ̀ ayé, kíkà Hafs gba ipò lọ́wọ́ Warsh ní ọ̀pọ̀ ilé-kéwú Yorùbá. Lára ìyàtọ̀ inú wọn ni èyí tí ó wà nínú Fátíhà, níbi tí kíkà kan ti fa fáwẹ́ẹ̀lì gùn tí èkejì kò sì fà á. Kíkà méjèèjì ní ẹ̀wọ̀n àwọn olùkọ́ tí ó so wọ́n mọ́ Ànábì, gẹ́gẹ́ bí Hádíìsì ṣe ní tirẹ̀.

Hádíìsì nínú ìwé òfin

Ìlànà Malik ni àwọn Mùsùlùmí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀ lé, Yorùbá náà sì bá wọn tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń kà lẹ́yìn Kùránì kì í ṣe ìwé Hádíìsì. Ìwé kéékèèké lórí àlùwàlá àti ìrun ni, bí ìwé Akhdari àti Ashmawi, kí ó tó wá bọ́ sí Risala tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani kọ. Ọ̀mọ̀wé yìí kú ní Tùnísíà ní 996, ìwé rẹ̀ sì kó ohun gbogbo pọ̀: ìgbàgbọ́, ìrun, àwẹ̀, ìgbéyàwó, òwò àti ogún.

Inú irú ìwé báyìí ni Hádíìsì wà, ṣùgbọ́n a ti yọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ ń rí ìdájọ́, kò rí orúkọ àwọn tí wọ́n gbé e wá. Ètò yìí ní àǹfààní púpọ̀. Ìwé ṣọ̀wọ́n, ọwọ́ ni wọ́n fi ń dà á kọ, owó sì ni. Ìwé kan tí ó kó ìdájọ́ jọ wúlò fún lèmọ́mù abúlé ju apá ńlá-ńlá ìwé Bukhari lọ. Ó sì mú kí ìjọsìn ṣọ̀kan: bí wọ́n ṣe ń kírun ní Ìsẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ń kí i ní Ìwó àti Ẹ̀pẹ́. Ibi tí ó ti ní àléébù ni pé bí àṣà ìlú bá wọ inú ẹ̀sìn, ẹni tí kò mọ Hádíìsì kò ní ohun tí yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìlọrin àti ìwé Sókótó

Nǹkan yí padà nígbà tí Ìlọrin di ìlú ìmọ̀. Shehu Alimi, ọ̀mọ̀wé Fúlàní, dé ibẹ̀ ní nǹkan bí 1817 lọ́dọ̀ Àfọ̀njá, olórí ìlú náà. Àwọn Yorùbá Mùsùlùmí sì ti kóra jọ sí Òkè Sùná lábẹ́ Ṣọlágberú. Lẹ́yìn ikú Àfọ̀njá, Abdulsalam ọmọ Alimi di ẹ́mìà àkọ́kọ́, Ìlọrin sì wà lábẹ́ àsíá Sókótó. Ọ̀nà yìí ni àwọn ìwé tí Usman dan Fodio àti àwọn ẹbí rẹ̀ kọ gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ìwé Usman tí ó gbajúmọ̀ jù dá lórí jíjí Sùnná, ìyẹn ìlànà Ànábì, dìde àti pípa àdádáálẹ̀ rẹ́. Abdullahi, àbúrò rẹ̀, kọ ìwé tàfsírì tirẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń tẹnu mọ́: kí Mùsùlùmí gbé ìṣe rẹ̀ lé ìwọ̀n Kùránì àti Sùnná.

Láti Ìlọrin ni àwọn olùkọ́ ti ń lọ sí Ìbàdàn, Ìsẹ́yìn, Abẹ́òkúta àti Èkó ní gbogbo ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìbàdàn, tí ó jẹ́ ìlú àwọn jagunjagun, di ìlú àwọn ààfáà pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ ń rìn láti ìlú dé ìlú láti gba ìwé lẹ́nu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù, tí ó bá sì kà á tán, olùkọ́ rẹ̀ á fún un ní àṣẹ láti fi kọ́ ẹlòmíràn. Ní ọ̀nà yìí, bí kò tilẹ̀ sí ìwé Hádíìsì lọ́wọ́ rẹ̀, ọgbọ́n ẹ̀wọ̀n ẹnu tí ó gbé Hádíìsì ró ni a fi tọ́ ọ dàgbà.

Àwọn Alálùkùránì ní Èkó

Èkó ni ìbéèrè nípa ipò Hádíìsì ti di ìjà gbangba. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn kan dìde níbẹ̀ tí wọ́n ní Kùránì nìkan ló tó gbà gẹ́gẹ́ bí orísun, wọn kò sì gba Hádíìsì àti ìwé àwọn amòfin gẹ́gẹ́ bí àṣẹ. Alálùkùránì ni àwọn ará Èkó ń pè wọ́n, Aróloyà sì ni mọ́sáláṣí wọn wà. Wọ́n yàgò fún àwọn Mùsùlùmí yòókù, ọ̀rọ̀ náà sì dá ìyapa sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

A kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo ohun tí ó mú ọkàn wọn. Kùránì ni ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo Mùsùlùmí mọ̀, tí ọmọdé há sórí, tí kò sí iyèméjì lórí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ìwé òfin tí àwọn ààfáà ń lò pọ̀, àṣà sì ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ́ kúrò nínú gbogbo rẹ̀ lè rò pé kí òun padà sí Kùránì nìkan ló dára jù. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà náà ti dí hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó kọ Hádíìsì ní láti wá ibòmíràn mú iye rákà ìrun, ìwọ̀n sàká àti ètò ìsìnkú, bẹ́ẹ̀ Kùránì fúnra rẹ̀ ló pa á láṣẹ pé kí a tẹ̀ lé Òjíṣẹ́. Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ààfáà gbà ni pé kí á yẹ Hádíìsì wò dáadáa, kí á má ṣe sọ ọ́ nù.

Nígbà tí Abdul Rahim Nayyar, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ Ahmadiyya, dé Èkó ní 1921, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Alálùkùránì ló bá Dabiri, lèmọ́mù wọn, dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ náà. Ìjà wọn kò lọ lásán. Ó mú kí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Èkó máa béèrè ohun tí ó wà nídìí ìṣe kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó gbà á.

Ilé-kéwú tuntun

Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò lè rí ìdáhùn lórí wàláà nìkan. Ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896, lábẹ́ Idris Animashaun, ó sì dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní 1898, kí ọmọ lè kọ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì láìfi Kùránì sílẹ̀. Ní 1923, àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ náà sì tàn kárí gbogbo ìlú Yorùbá. Ní 1942, Sheikh Kamalud-Deen al-Adabi dá ẹgbẹ́ Ansarul-Islam sílẹ̀ ní Ìlọrin.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yí ẹ̀kọ́ Lárúbáwá padà jù lọ ni Sheikh Adam Abdullah al-Ilory (1917–1992). Ó dá ilé-kéwú Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kúrò lórí ẹní bọ́ sórí bẹ́ǹṣì, pátákó ìkọ̀wé gba ipò wàláà, ìpele ẹ̀kọ́, aago àti ìdánwò sì wọlé. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé Hádíìsì di iṣẹ́ kan tí ó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàfsírì, òfin ẹ̀sìn, gírámà àti ìtàn. Ìwé tí ọ̀pọ̀ màdírásà, ìyẹn irú ilé-kéwú tuntun yìí, fi ń bẹ̀rẹ̀ ni àkójọ tí Nawawi, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Síríà tí ó kú ní 1277, ṣe. Ìwé Ogójì ni wọ́n ń pè é, àmọ́ Hádíìsì 42 ló wà nínú rẹ̀, kúkúrú sì ni púpọ̀ nínú wọn, tí ọmọ ọdún 10 lè há sórí. Èyí tí ó ṣíwájú rẹ̀ náà ni èyí tí ó ṣíwájú ìwé Bukhari, lórí èrò ọkàn.

Àwọn tó jáde ní Markaz àti àwọn màdírásà tó tẹ̀ lé e tan ètò yìí ká. Nígbà tí Yunifásítì Ìsìláàmù ti Mẹ̀dínà ṣílẹ̀kùn ní 1961, àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tó lọ kàwé níbẹ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n mú ìtẹnumọ́ lórí Hádíìsì sàhíì bọ̀ wálé. Àríyànjiyàn tún ṣẹ́ yọ: ṣé kí olùkírun ká ọwọ́ lé àyà tàbí kí ó jẹ́ kí ó rọ̀ sílẹ̀ bí àwọn baba ṣe ń ṣe, ṣé sàráà ọjọ́ kẹjọ òkú bá Sùnná mu? Àwọn àgbà ààfáà fi ìlànà Malik gbèjà ara wọn, àwọn ọ̀dọ́ fi Bukhari àti Muslim dá wọn lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gbóná tó, ìṣọ̀kan kan wà nínú rẹ̀: kò sí ẹni tí ó gbà pé òun lè sọ̀rọ̀ láìfi orísun tì í lẹ́yìn.

Yunifásítì Ìbàdàn náà gbé ìmọ̀ yìí yẹ̀ wò lọ́nà tirẹ̀. Ní 1964, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tí ń wá ìwé Lárúbáwá àfọwọ́kọ kiri, tí ó sì ń ya àwòrán wọn pamọ́.

Orísun méjèèjì ní èdè Yorùbá

Ẹni tó kọ́kọ́ túmọ̀ Kùránì sí Yorùbá kì í ṣe Mùsùlùmí. Àlùfáà ìjọ Kírísítì ni, M. S. Cole, ìwé rẹ̀ sì jáde ní Èkó ní 1906. Àwọn Mùsùlùmí fẹ́ èyí tí ó ti ọwọ́ àwọn ààfáà wá, tí ó sì bá òye wọn mu. Ní àwọn ọdún 1970 ni ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí gbé ìtumọ̀ tiwọn jáde, pẹ̀lú Lárúbáwá àti Yorùbá lójú ìwé kan náà, ilé-ìtẹ̀wé Kùránì ní Mẹ̀dínà sì tún un tẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹgbẹ́ Ahmadiyya náà tẹ ìtumọ̀ tiwọn jáde ní 1976. Àwọn ìwé Hádíìsì kéékèèké ní Yorùbá tẹ̀ lé e, pàápàá ti Nawawi.

Ìtumọ̀ kò gba ipò Lárúbáwá nínú ìrun, ṣùgbọ́n ó gba ìmọ̀ kúrò lọ́wọ́ ìwọ̀nba ènìyàn. Obìnrin tó ń lọ sí àsàláátù lọ́jọ́ Àìkú, oníṣọ̀nà, awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba lè ṣí áàyà kan fúnra wọn, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ààfáà ohun tí Hádíìsì wí lórí rẹ̀.

Etí omi Ìkálẹ̀

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ jìnnà sí Ìlọrin, ṣùgbọ́n ọ̀nà omi so ó mọ́ Ẹ̀pẹ́ àti Èkó. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó sá lọ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, Mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀pẹ́ di ìlú ilé-kéwú lẹ́bàá ọ̀sà. Ní 1872, ìjọba Èkó rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan, Goldsworthy, lọ sí Oǹdó kí ọ̀nà ìṣòwò ìhà ìlà oòrùn lè ṣí, nítorí ogun ti dí àwọn ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá pa. Ọkọ̀ ojú omi ń ti Èkó gba Lẹ́kkí àti Atìjẹ́rẹ́ dé Ayésàn, kí èrò tó fi ẹsẹ̀ rìn gba igbó lọ sí Oǹdó. Ẹnu ọ̀nà Ìkálẹ̀ ni oníṣòwò àti ọmọ ogun Hausa ti ìjọba Èkó ń gbà kọjá, tẹ̀sùbáà àti bútà àlùwàlá wọn sì ń bá wọn lọ.

Síbẹ̀, ẹ̀sìn náà kò gbilẹ̀ ní Ìkálẹ̀ bí ó ṣe gbilẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀sìn Kírísítì ló gba ọ̀pọ̀ ènìyàn, agbára Ayélála sì wà títí di òní láàárín Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ gẹ́gẹ́ bí òrìṣà tí a fi ń búra tí a sì fi ń wá òtítọ́. Nígbà tí Òkìtìpupa di olú ìlú ẹkùn ìjọba ní àkókò àwọn òyìnbó, òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ti ibi púpọ̀ wá síbẹ̀, Mùsùlùmí sì wà lára wọn. Ìwọ̀nba ni wọ́n títí di òní.

Ibi tí Mùsùlùmí bá ti kéré ni ìmọ̀ orísun ti ń di kò-ṣeé-má-nìí jù. Ní Ìlọrin, ọmọ lè kọ́ bí a ṣe ń kírun nípa wíwo àdúgbò. Ìpè ìrun ni yóò jí i, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò bá dúró ní sàfù. Ní Òkìtìpupa tàbí Ìlútitun, ìdílé kan lè jẹ́ Mùsùlùmí láàárín ọ̀pọ̀ ilé tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbátan wọn á pè wọ́n síbi ètùtù, síbi ìsìnkú àti síbi ìbúra, aládùúgbò á sì bi wọ́n ní ìdí tí wọn kò fi ṣe èyí tàbí tí wọ́n fi ṣe tọ̀hún. Ìdáhùn pé bí baba wa ṣe ń ṣe é nìyẹn kò tó níbẹ̀, nítorí baba tí ẹni náà ní lè jẹ́ ti Ayélála tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní láti mọ ohun tí Kùránì sọ, kí ó sì mọ bí Ànábì ṣe fi sílò.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ló ń gbé apá kan lára ẹrù yìí. Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Ìsìláàmù wà lára iṣẹ́ tí ọmọ lè yàn nínú ìdánwò WAEC, àwọn súrà tí a yàn àti àwọn Hádíìsì láti inú ìwé Nawawi sì wà nínú ohun tí a ń bi wọ́n. Níbi tí olùkọ́ bá wà, ọmọ Ìkálẹ̀ tí kò gbé wàláà rí lè kọ́ súrà kan pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, kí ó kọ́ Hádíìsì kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó gbà á wá, kí ó sì mọ ìdí tí a fi ní kí ó gbà á gbọ́. Níbi tí kò bá sí olùkọ́, ìwé ìtumọ̀ Yorùbá àti wàásì orí rédíò ló ń dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó, nítorí láti ìgbà Zayd ibn Thabit títí di ìgbà Markaz, ẹnu olùkọ́ tí a mọ olùkọ́ tirẹ̀ ni a ti ń gba orísun méjèèjì. Ohun tí àwùjọ Mùsùlùmí tí ó kéré bí ti Ìkálẹ̀ nílò jù lọ ni irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, tí yóò ka Kùránì fún ọmọ, tí yóò túmọ̀ rẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́, tí yóò sì fi Hádíìsì tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ hàn án bí a ṣe ń lò ó.